Ẹ̀KỌ́ KẸJỌ: OHUN KÍKAN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÒGÌ ÀTI NÍNÚ ARA WA

A mọ̀ pé láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá sí kíláàsì. Ẹlòmíràn ti ń fi orí ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀. Ẹlòmíràn dúró ti ẹ̀rọ ìlọta. Ẹlòmíràn sáré tẹ̀lé dáńfó ní Ìkòtún kí ó tó rí àyè jókòó. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí kò jìnnà sí yín rárá. Ara yín gan-an ni ìwé rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Èkíní: bí ènìyàn bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsinmi, kí ni ó ń mú kí itan rẹ̀ gbóná, kí ó máa ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo bí òjé? Èkejì: kí ni ó ń mú kí ògì kan? Yóò yà yín lẹ́nu láti gbọ́ pé orúkọ ohun kan náà ni ó wà nínú ìdáhùn méjèèjì.

1. Ẹ JẸ́ KÍ A BẸ̀RẸ̀ LÁTI INÚ ÌKÒKÒ ÒGÌ

Ẹ bi ìyá ológì tí ń tajà ní Ìjẹ̀gùn bí ó ti ń ṣe ògì rẹ̀. Yóò sọ fún yín pé òun a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òun a gbé e lọ sí ẹ̀rọ, òun a sẹ́ ẹ, òun a sì jẹ́ kí ó tòrò. Omi tí ó lé sórí rẹ̀ ni a ń pè ní omíkan. Orúkọ náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀: omi tí ó kan.

Ṣùgbọ́n ta ni ó mú un kan? Ìyá ológì kò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n wà lára àgbàdo, wọ́n sì wà lára ìkòkò. Bí àgbàdo bá ti wà nínú omi, wọn a máa jẹ ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tú ohun kíkan kan jáde. Ohun kíkan yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní lactic acid. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àwa yóò máa pè é ní ásíìdì wàrà.

Èé ṣe tí a fi fún un ní orúkọ wàrà? Ní ọdún 1780, apòògùn kan ní ilẹ̀ Sweden, Carl Wilhelm Scheele, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti inú wàrà tí ó ti kan. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe wàrà ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn Fúlàní tí ń ta nọ́nò mọ ìtọ́wò rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni Scheele, bóyá ásíìdì ògì ni gbogbo ayé ì bá máa pè é.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Òṣòdì, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. FIIRO ni a ń pè é ní gígékúrú. Níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé I. A. Akinrele ti yẹ ògì wò fínnífínní, tí ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí ń mú ògì kan ni Lactobacillus plantarum. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, kí ògì lè fún ọmọdé ní okun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kíkan yìí ní èrè. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru kì í lè gbilẹ̀ níbi tí ó bá kan. Ìdí nìyí tí ògì fi ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kíkan kò lè sọ omi ìdọ̀tí di omi mímọ́. Omi tí ó mọ́ ni kí ẹ fi rẹ àgbàdo, kí ẹ sì jẹ́ kí ògì hó dáadáa kí ẹ tó fún ọmọ.

2. ARA WA NÁÀ Ń ṢE É

Ìyá kan lè dìde nínú kíláàsì kí ó ní: "Tíṣà, ṣé kòkòrò inú ògì ni ó wá wọ inú itan mi?" Rárá o, ẹ̀yin ìyá wa. Kòkòrò kọ́. Iṣan yín fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ásíìdì wàrà, láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a jẹ, inú wa a sọ wọ́n di ṣúgà. Ṣúgà yìí a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ bá iṣan. Èyí tí a kò bá lò, ara a tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan de ọjọ́ iṣẹ́. Ṣúgà ni igi ìdáná ara. Ọ́síjìn, èyí tí í ṣe apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, ni ó ń mú kí iná náà jó.

Ẹ ronú sí ẹni tí ń fi igi dáná. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, igi a jó tán pátápátá. Eérú nìkan ni yóò kù, eérú kò sì lè se ọbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ń sun èédú ní oko. Wọn a to igi jọ, wọn a fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè wọlé púpọ̀. Igi náà a gbóná, ṣùgbọ́n kò ní jó tán. Èédú ni yóò dà. Èédú kì í ṣe eérú. Agbára ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè rà á lọ́jà, kí ẹ gbé e relé, kí ẹ sì fi se oúnjẹ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀kọ́ wa. Ásíìdì wàrà ni èédú ara.

Bí iṣan ti ń ṣe é nìyí:

(i) Iṣan a kọ́kọ́ la ṣúgà kan sí méjì. Lílà yìí kò nílò ọ́síjìn rárá, ó sì yá. Agbára díẹ̀ a jáde níbẹ̀.

(ii) Bí iṣẹ́ bá rọra, ọ́síjìn a tó. Abala méjèèjì a wọ inú ààrò kékeré tí ó wà nínú hóró ara, wọn a sì jó tán níbẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta nìkan ni yóò kù. Agbára tí ó pọ̀ a jáde.

(iii) Bí iṣẹ́ bá le tí ó sì yá, ṣúgà tí a ń là a pọ̀ ju ohun tí ààrò lè gbà lọ. Abala ṣúgà a bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ sẹ́nu ààrò. Ara a wá sọ wọ́n di ásíìdì wàrà, kí lílà má bàa dúró. Ṣúgà kan a di ásíìdì wàrà méjì.

Bí a bá ka agbára bí ẹni ka owó, ṣúgà kan tí ó jó tán nínú ààrò ń mú nǹkan bí 30 wọlé. Èyí tí ó dúró sí ásíìdì wàrà ń mú 2 péré wọlé. Ẹ ó ní, kí ló dé tí ara fi ń gba 2 nígbà tí 30 wà? Nítorí pé 2 yẹn kì í pẹ́ dé. Bí ajá bá ń lé ènìyàn bọ̀, owó tí ó wà lọ́wọ́ ló ń ná, kì í dúró de èyí tí wọ́n ṣèlérí fún un.

3. NÍGBÀ TÍ A KÒ LÈ DÚRÓ DE ÈÉMÍ

Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn níbí gún páìpù epo tí ó wà nínú ilẹ̀. Epo tú, iná sì sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ilé àti ọkọ̀ jóná, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tí ó sá àsálà. A kò mú ọ̀rọ̀ náà wá láti tún ojú ọgbẹ́ ṣí. A mú un wá nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí Ọlọ́run fi fún wa ní agbára tí kò dúró de ọ́síjìn.

Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè bá ẹsẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ń fẹ́ ìṣẹ́jú kan sí méjì kí wọ́n tó lè gbé ọ́síjìn tí ó tó wá. Iná kò ní dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ìyá tí ó bá pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ó sì sá fún irú iná bẹ́ẹ̀, agbára inú lílà ṣúgà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń gbé e lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé ibi ààbò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èédú tí ara rẹ̀ sun láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni ó kún inú iṣan rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn eléré ìje. Falilat Ogunkoya, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, sáré 400 mítà ní Atlanta, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1996. Ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ni ó fi sá a, ó sì gba ipò kẹta nínú gbogbo ayé. Ní ìdíje kan náà, òun àti àwọn obìnrin ilẹ̀ wa mẹ́ta mìíràn, Bisi Afolabi, Fatima Yusuf àti Charity Opara, gba ipò kejì nínú eré tí a ń fi igi lé ara ẹni lọ́wọ́. Àwọn tí ó mọ eré ìje sọ pé kò sí eré tí ó ń ta ènìyàn lára tó 400 mítà. Ó gùn ju kí a fi èémí kan sá a tán lọ. Ó sì kúrú ju kí ẹ̀dọ̀fóró bá a dọ́gba lọ. Ní 100 mítà tí ó kẹ́yìn, ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ ásíìdì wàrà. Òun nìkan kọ́ ni ó ń fa títa náà. Oríṣìíríṣìí nǹkan ni ó ń kó jọ nínú iṣan tí a lò kọjá ààlà, tí iṣan sì ń kan lákòókò náà.

4. NÍBO NI Ó Ń GBÀ LỌ?

Ní ọdún 1907, ọkùnrin méjì ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Fletcher àti Hopkins, yẹ iṣan ọ̀pọ̀lọ́ wò. Wọ́n rí i pé bí iṣan bá ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí ọ́síjìn, ásíìdì wàrà a kó jọ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé iṣan náà sínú ọ́síjìn, ásíìdì náà a dín kù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kọ́ni pé pàǹtírí ni ásíìdì wàrà, pé májèlé ni. Àwa olùkọ́ náà kà á bẹ́ẹ̀, a sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Eérú ni a pè é. A ti wá mọ̀ báyìí pé èédú ni. Láti àwọn ọdún 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n George Brooks ní Amẹ́ríkà ti ń fi hàn pé ara kì í sọ ọ́ nù. Ara ń gbé e láti ibì kan lọ síbòmíràn ni, kí wọ́n lè fi dáná níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà lọ jù.

Ọ̀nà kìíní: ẹ̀jẹ̀ a gbé e láti inú iṣan tí ń ṣiṣẹ́ lọ sí inú iṣan tí ń sinmi, àti lọ sí inú ọkàn. Ọkàn ní ààrò púpọ̀, ó sì fẹ́ràn èédú yìí. Èédú tí ẹsẹ̀ sun ni ọkàn fi ń dáná.

Ọ̀nà kejì: ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ a sọ ásíìdì wàrà di ṣúgà padà, a sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Tọkọtaya kan ni ó rí ọ̀nà yìí, Gerty Cori àti ọkọ rẹ̀, Carl Cori. Ní ọdún 1947, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí ara ti ń lo ṣúgà.

Bí ènìyàn tí ara rẹ̀ dá bá jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó le, láàárín wákàtí kan, ásíìdì wàrà ti padà sí ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá ń rọra rìn dípò kí ó ṣubú lulẹ̀ gbàlà, yóò tètè lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi dára pé bí ẹ bá sọ ẹrù wúwo kalẹ̀, kí ẹ rọra rìn díẹ̀, kí ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ tó jókòó. Ara tí ó ti mọ́ iṣẹ́ lára náà a máa tètè kó o kúrò. Ìdí nìyí tí alábàárù fi lè gbé ẹrù tí akọ̀wé kò lè gbé dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ má rò pé ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni a ń ṣe é. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní ààrò rárá. Lílà ṣúgà nìkan ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ti jókòó tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣe ásíìdì wàrà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ yín sì ń kó o. Bí ẹni tí ń gbálẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ń dalẹ̀, ilé a mọ́.

5. ÀṢÌṢE KAN TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lébírà. Ní ọjọ́ kejì, kò lè na ọwọ́. Ó lọ bá ẹni tí ń ta òògùn: "Ẹ̀gbọ́n, ara ń ro mí. Wọ́n ní ásíìdì ló wà lára mi. Ẹ fún mi ní nǹkan tí yóò fọ̀ ọ́ jáde." Ẹ̀gbọ́n a ṣa oògùn bí márùn-ún pọ̀, a sì dì í sínú ọ̀rá.

Ẹ̀yin ará, ásíìdì wàrà ti àná ti lọ ní àná. Kì í dúró di ọjọ́ kejì. Ara ríro tí ó ń dé ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, fífàya wẹ́wẹ́ inú iṣan tí iṣẹ́ kò tíì mọ́ lára ni ó ń fà á. Ara ń tún un rán ni. Bí ó bá rán an tán, iṣan náà a le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń fẹ́ ni oúnjẹ, omi, oorun, àti kí a fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Oògùn ìrora tí a ń ṣà pọ̀ lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ ènìyàn bá dúdú bí omi zóbò lẹ́yìn iṣẹ́ àṣelàágùn, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, kí ó má ṣe jókòó sílé. Kí ó lọ rí dókítà.

6. ỌMỌ TÍ KÒ SÁRÉ, TÍ Ó Ń MÍ BÍ ẸNI TÍ Ó SÁRÉ

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ń lọ gan-an nìyí, kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ farabalẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta kan ti ń ṣe ibà láti ìjẹta. Lónìí, ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ funfun, kò jẹun. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí ẹní. Kò sáré, kò ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyà rẹ̀: ó ń mí kanlẹ̀, ó ń mí kíákíá, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti Ìkòtún. Kí ni ó ń lé ọmọ náà?

Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn gbé wá ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni kòkòrò yìí ń gbà kó ásíìdì wàrà jọ sára ọmọ:

(i) Kòkòrò ibà wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń jẹ ṣúgà níbẹ̀, ó sì ń tú ásíìdì wàrà jáde, bí ti kòkòrò inú ògì.

(ii) Hóró ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín, a sì dí wọn. Ọ́síjìn kì í dé ibi tí ó yẹ. Apá ara tí kò rí ọ́síjìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí sun èédú.

(iii) Kòkòrò náà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a dín kù, tí ẹni tí ń gbé ọ́síjìn kò fi ní pọ̀ mọ́.

(iv) Ẹ̀dọ̀ tí ó yẹ kí ó kó ásíìdì wàrà kúrò, ó ti rẹ òun náà.

Ẹni tí ń dalẹ̀ di mẹ́ta, ẹni tí ń gbálẹ̀ sì ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí kan. Èémí kíkankíkan yẹn ni ara ọmọ ń fi gbìyànjú láti lé kíkan náà jáde. Ẹni tí ó gbé sìmẹ́ǹtì lè jókòó, kí tirẹ̀ lọ. Ọmọ yìí ti dùbúlẹ̀ ná, kò lọ. Ìsinmi kọ́ ni òògùn rẹ̀. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni a ó pa.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí sì máa ń wáyé nínú ilé. Ìyá ọkọ a ní: "Ìyàwó mi, gìrì ló fẹ́ mú un. Bu omíkan wá, kí n fi ṣe àgbo fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó mọ ohun tí a ó ṣe." Ìyàwó a kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ tọ́ baba rẹ̀, n kò lè jẹ́ kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń mí. Wọ́n ní bó bá ti ń mí báyìí, kì í dúró di àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ sọ́sípítù." Ìyá tí ó bá fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò so gèlè, yóò ní: "Ó yá, gbé e pọ̀n."

Ìyàwó yẹn kò ṣe àfojúdi. Òótọ́ ni ó sọ. Àgbo omíkan kò lè pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti le tó bẹ́ẹ̀, wákàtí tí a bá fi dúró sì lè jẹ́ wákàtí tí a kò ní rí gbà padà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní ọ́sípítù, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò. Bí ibà líle bá ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní artesunate ni wọn yóò fún un. Wọ́n tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní ọdún 2010, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Ìlọrin wà lára àwọn ibi tí a ti ṣe é. Ọmọ 5,425 tí ibà líle ń ṣe ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n fi kuníìnì wò, nǹkan bí 11 ni ó kú. Nínú 100 tí wọ́n fi artesunate wò, nǹkan bí 8 tàbí 9 ni ó kú. Ẹni tí ó bá rò pé ìyàtọ̀ náà kéré, kí ó bi ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín. Wọ́n tún lè fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ àti omi ṣúgà, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ ti lè lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Ẹ má dúró di ọ̀la bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lára ọmọ tí ibà ń ṣe:

- Ó ń mí kanlẹ̀ tàbí kíákíá láìsáré.
- Kò lè mu ọmú, kò lè mu omi.
- Ó ń bì gbogbo ohun tí ó bá jẹ.
- Gìrì mú un.
- Ó ń sùn jù, tàbí a pè é kò dáhùn.
- Àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun.

Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì ro ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ. Ọ́sípítù ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, kò jìnnà sí wa. Kí ó má bàa dé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sórí ibùsùn ọmọ lálaalẹ́, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní tí ara rẹ̀ bá gbóná.

7. ÀKÓTÁN

Ásíìdì wàrà wà nínú ògì, níbi tí kòkòrò ti ń ṣe é. Ó wà nínú iṣan, níbi tí ara fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá yá ju ààrò lọ. Kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe pàǹtírí. Èédú ni. Ara tí ó dá ń sun ún, ó sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n èédú tí ó bá pọ̀ jù nínú yàrá tí a tì pa lè pa onílé. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ yín bá ń ta yín lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ sinmi, ẹ má bẹ̀rù. Bí ọmọ tí kò sáré bá ń mí bí ẹni tí ó sáré, ẹ bẹ̀rù, kí ẹ sì dìde.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Ásíìdì wàrà: ohun kíkan tí ó ń jáde bí a bá la ṣúgà tí a kò sì jó o tán.
Ọ́síjìn: apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, tí ara fi ń dáná.
Hóró ara: ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ ara wa, bí búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ fún ilé.
Ààrò inú hóró: ibi tí ṣúgà ti ń jó tán.

ÌBÉÈRÈ

1. Ta ni ó ń mú ògì kan?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eérú àti èédú? Èwo ni ásíìdì wàrà jọ?
3. Dárúkọ ọ̀nà méjì tí ásíìdì wàrà ń gbà lọ lẹ́yìn iṣẹ́.
4. Ǹjẹ́ ásíìdì wàrà ni ó ń fa ara ríro ọjọ́ kejì? Kí ni ó ń fà á?
5. Èé ṣe tí ọmọ tí ibà líle ń ṣe fi ń mí kanlẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ kọ àmì ewu mẹ́fà tí ó wà ní apá kẹfà sórí ìwé kan pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé tí kò tíì mọ̀wé.